Ẹni Tí Ó Dá Orin Ìlú Dúró ní Ìfọ̀nyìn

Wọ́n sin Olóyè Ajíbóyè ní oṣù tó kọjá. Mo lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo jókòó sí, nítorí kò sí ẹni tó fi àyè sílẹ̀ fún mi níwájú. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ àgbà dìde, tó tún sọ ìtàn tí bàbá rẹ̀ fi gbayì ní ìlú yìí títí tó fi kú: pé nígbà ìjọba ìyípadà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bàbá òun ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún àlejò pàtàkì, àti pé obìnrin kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ ló nàka sí i fún sójà. Kò dárúkọ obìnrin náà. Àwọn tó wà lórí àga kan náà pẹ̀lú mi kàn rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni.

Èmi ni obìnrin náà. Ẹ̀yin ará Iléṣà ti ń gbọ́ ìrìn-àjò yẹn láti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́. Ẹni yẹn ti lọ báyìí, kò lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe rìn ín.

Ẹnubodè

Nígbà náà mo ń kọ́ni lórin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ajíbóyè, tí kò tíì joyè kankan, ni ọ̀gá ẹgbẹ́ onífèrè onídẹ tó ń fun fèrè níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó pè wá ni Tìámíyù, ọmọ Ìfọ̀nyìn, ìlú tí àwọn ará ibẹ̀ ń kọ ní Ifangni. Ó ti bá wa kọ́ni ní èdè Faransé rí kó tó padà sílé lọ ṣiṣẹ́ fún ìjọba tuntun wọn. Ó ránṣẹ́ pé kí a wá fun fèrè níbi àyájọ́ orílẹ̀-èdè wọn, kí àwọn obìnrin ìlú máa kọrin lé e. Ajíbóyè ló ni fèrè. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n mú ohùn fèrè àti ohùn àwọn obìnrin náà bára mu.

Mi ò ní fi ọ̀nà Ìbàdàn àti Ìlaròó dá yín dúró, ẹ mọ̀ wọ́n. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni bí ara ṣe ń rí nígbà tí ènìyàn bá fi Ìdíìrókò sílẹ̀ tó bọ́ sí Igolo. Yorùbá ni o ń gbọ́ ní apá méjèèjì. Bí àwọn alágbàárù ṣe ń pariwo lọ́hùn-ún ni wọ́n ń pariwo níhìn-ín, bí àwọn tó ń ṣẹ́ owó ṣe ń fa aṣọ ènìyàn lọ́hùn-ún ni wọ́n ń fà á níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ní Igolo, bí ọkùnrin kan tó wọ kakí bá ti yọ, ariwo náà a ṣe wọ̀ọ̀, bí ìgbà tí a da omi sí iná.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló dúró níwájú wa. Ọmọdé ni lójú mi, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Ó wo àwọn fèrè wa, ó ní, "Prêt pour la révolution?" pé ṣé a ti múra fún ìyípadà.

Ajíbóyè tẹrí ba títí fìlà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa! Ọmọ akin! Ẹ ó dàgbà, ẹ ó di ọ̀gágun!"

Ojú ọmọkùnrin náà yí padà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí wọ́n ju ẹrù olè lé lọ́wọ́. "Ta ni ọ̀gá? Kò sí ọ̀gá níbí. Kamarádì ni gbogbo wa."

Obìnrin alágbàárù kan tó gbé àpò gàrí sórí ló sọ ọ́ sí wa létí bó ti ń kọjá. "Bàbá, ẹ dá a lóhùn pé *la lutte continue*, pé ìjà ń tẹ̀ síwájú. Ẹ má yìn ín. Ẹni tí ẹ bá yìn níbí, ẹ ti ba tirẹ̀ jẹ́."

Mo gbọ́ ọ. Ajíbóyè náà gbọ́ ọ. Ẹ rántí pé ó gbọ́ ọ.

Ilé Ìyá Àlàní

Ọ̀pẹ ló kọ́kọ́ kí wa ní Ìfọ̀nyìn, lẹ́yìn náà ilẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan. Wọ́n pín wa sí ilé onílé. Ilé Ìyá Àlàní ni wọ́n fi èmi àti Ajíbóyè wọ̀ sí. Ìyá Àlàní ni olórí àwọn obìnrin akọrin ìlú náà, opó, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ.

Bí mo ti rí i lẹ́nu ọ̀nà ni mo kúnlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lábẹ́ apá mi kí orúnkún mi tó kan ilẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi, dìde kíákíá. Bó o bá fẹ́ kúnlẹ̀, wọlé kó o kúnlẹ̀. Má kúnlẹ̀ ní ìta."

"Kí ló dé, mà?"

"Wọ́n ní ìkúnlẹ̀ ló ń sọ ènìyàn di ọba lórí ẹlòmíì. Bon. Nínú yàrá mi, ọba ni mí. Wọlé wá kí mi dáadáa."

A wọlé, mo kí i dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ibi tí a ti wá, mo ní Iléṣà.

"Yé! Òṣómàáló! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá lóṣòó tì wá o, a ò jẹ yín ní nǹkankan."

Àkàsà ló fún wa jẹ, tí wọ́n pọ́n sínú ewé, tó tutù, tó sì ń dán, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tútù tí wọ́n lọ̀ mọ́ àlùbọ́sà láìsè é. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ̀kọ ilé wa yóò rò pé òun mọ̀ ọ́n, àfi ìgbà tó bá dé ọ̀fun tó rí i pé ó kan díẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ajíbóyè béèrè bóyá ẹran wà. Ìyá Àlàní dá a lóhùn pé ẹran wà, ó wà lára ewúrẹ́ tó ń rìn lọ níta yẹn.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó rí i pé mo ń wo ìlù ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ bò ní igun yàrá, irú èyí tí ẹgbẹ́ onífèrè máa ń gbé kọ́ àyà, ó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wa.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Àlàní, ló ń lu ìlù náà fún ìlú. Níbi ayẹyẹ kan tó ṣáájú, àsíá ń gòkè, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, òjò sì dé. Àlàní bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bo ìlù, ó sì gbé e sá lọ sábẹ́ òrùlé ilé-ìwé. Wọ́n ní ó kọ ẹ̀yìn sí àsíá. Wọ́n gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, olú-ìlú wọn, lọ́jọ́ náà gan-an, ìyá rẹ̀ kò sì tíì rí i láti ìgbà náà.

"Ọmọ mi kò mọ ìṣèlú," ni ó wí. "Awọ ìlù ló ń rò. Òjò ti ba awọ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, kò sì sówó òmíràn. Ṣé ẹni tó ń dáàbò bo ìlù tí wọ́n fi ń kọrin ìlú ni ọ̀tá ìlú?"

Ó ní kamarádì ńlá kan ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, yóò sì kó àwọn tí wọ́n mú ní agbègbè náà dání nínú ọkọ̀. Tìámíyù ti sọ fún un pé bí orin bá lọ geere dé òpin, wọ́n á tú wọn sílẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Bí kò bá lọ geere, ọkọ̀ náà yóò kó wọn padà.

Ó wá yí sí Ajíbóyè, nínú yàrá níbi tí kò sẹ́ni tó lè rí i, arúgbó obìnrin náà sì kúnlẹ̀ fún un. "Bàbá onífèrè, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ bá mi fun ún dé òpin."

"Ìyá, ẹ dìde, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Ajíbóyè wí. Ẹnu rẹ̀ kún fún ẹja.

Òfin

Ní ìrọ̀lẹ́ a pàdé ní pápá ilé-ìwé láti dán orin orílẹ̀-èdè wọn wò. Tìámíyù dé. Ní Iléṣà, ọlọ́yàyà ènìyàn ni. Ní Ìfọ̀nyìn ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn láìju apá. Ó ka òfin fún wa, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ wọ́n, nítorí wọn kò burú tó bí wọ́n ṣe sọ fún yín.

Ó ní bí ìró àkọ́kọ́ bá ti dún, kí fìlà kúrò lórí gbogbo wa, àfi ìborí obìnrin. Kí a má mumi, kí a má fi ọwọ́ pa kòkòrò, kí a má mi ara sí orin náà bí ìgbà tí a wà níbi ijó, nítorí orin ìlú kì í ṣe orin ijó. Ẹni tí kò ní ohun tí yóò fun ní ìlà kan, kí ó dúró ṣánṣán, kí fèrè wà ní ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀, kí ó máa wo àsíá. Kí a má pe orúkọ ẹnikẹ́ni, kí a má ki ẹnikẹ́ni. Àti pé láti ìgbà tí àsíá bá ti kúrò nísàlẹ̀ títí yóò fi dókè, akọrin kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ìyá rẹ̀ ló pè é.

Àwọn obìnrin mi orí. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ajíbóyè ni kò lè dákẹ́.

"Bí ọba bá wọlé ńkọ́?"

"Kò sí ọba."

"Bí ẹni ńlá bá wọlé?"

"Kò sí ẹni ńlá."

"Bí kamarádì tó tóbi ju àwọn kamarádì yòókù bá wọlé?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Tìámíyù kò rẹ́rìn-ín. "Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ẹ máa fun fèrè yín. Voilà."

"Tìámíyù! Ìwọ tó o máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nítorí ìrẹsì ìyàwó mi!"

Ẹ̀rín náà tún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n mo rí ojú Tìámíyù, mo sì rí ọkùnrin méjì tó dúró lábẹ́ igi mọ́ńgòrò tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ bí ó ṣe rí nílé wa. Bí olówó tàbí olóyè bá wọlé, onífèrè a gé orin tó wà lẹ́nu, ìbáà jẹ́ orin ìyìn sí Ọlọ́run, a fun tirẹ̀ fún un, a ki í, ojú rẹ̀ a tàn. Ohun tí Ajíbóyè mọ̀ jù nìyẹn, ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ju fèrè lọ. Bí a ti ń padà bọ̀ wálé, mo sọ fún un pé kó má dán an wò.

"Ìwé tó o kà pọ̀ jù," ló wí. "Sọ fún mi, ọkùnrin wo ló wà láyé yìí tí kò fẹ́ kí wọ́n fun fèrè fún òun? Wọ́n kàn ń tijú ni."

Ọjọ́ náà

Láàárọ̀, búrẹ́dì gígùn àti kọfí tí wọ́n da mílíìkì inú agolo sí ni wọ́n fún wa. Ìyá Àlàní kò jẹ. Ó gbé ìlù ńlá náà jáde fúnra rẹ̀, ó fún ẹni tí yóò lù ú nínú ẹgbẹ́ wa, ó ní, "Rọra lù ú. Olówó rẹ̀ ń bọ̀."

Ènìyàn kún pápá. Wọ́n wá láti Ko-Koumolou, wọ́n wá láti Tchaada, àgbẹ̀ àti oníṣòwò, Mùsùlùmí, Onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe, gbogbo wọn dúró nínú oòrùn láìsọ̀rọ̀. Ìwà tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn: ọ̀pọ̀ Yorùbá báyẹn níbì kan náà láìsí ìkíni.

Kamarádì Àjàṣẹ́ kò tíì dé, ṣùgbọ́n Tìámíyù ní àsíá kì í dúró de ènìyàn. Ajíbóyè gbé ọwọ́ sókè, a bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ó dùn. Ohùn Ìyá Àlàní wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ bí ìpìlẹ̀ ilé. Àsíá aláwọ̀ ewé tí ìràwọ̀ pupa wà ní igun rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

Ó dé ìdajì òpó nígbà tí ọkọ̀ jíìpù kan wọlé, tí ọkọ̀ ẹrù tó ní táńpólì sì tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ ẹrù náà dúró lábẹ́ igi mọ́ńgòrò. Gbogbo wa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohùn Ìyá Àlàní kò gbọ̀n. Ọkùnrin gíga kan tó wọ awò dúdú sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù.

Ajíbóyè sì gé orin.

Ọwọ́ kan ló fi gé e, àwọn onífèrè rẹ̀ sì dákẹ́, nítorí bó ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Àwọn obìnrin náà ṣubú sínú ìdákẹ́jẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ajíbóyè bọ́ síwájú, ó fun èyí tó máa ń fun fún àwọn ọba ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì kígbe pé, "Kábíyèsí! Àjànàkú wọ̀lú, igbó mì tìtì! Kí adé pẹ́ lórí!"

Ẹni tó ń fa okùn àsíá gbàgbé ọwọ́ rẹ̀. Àsíá náà dúró ní ìdajì, bí ìgbà tí ènìyàn ńlá kú.

Ọkùnrin náà yọ awò rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Yorùbá Kétu ló sọ, kò sì gbé ohùn sókè. "Ta ló kọ́ ọ pé kó o pè mí ní ọba lójú àwọn ènìyàn yìí?"

Ajíbóyè wà nílẹ̀. Mo rí i bó ṣe gbé ojú sókè, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi náà lé lórí. Ó sì rí i.

"Ìyá yìí ni, sà. Ìyá yìí ló bẹ̀ mí pé bí ẹ bá dé kí n kí yín dáadáa, nítorí ọmọ rẹ̀."

Ọkùnrin náà kò wo Ìyá Àlàní. Ọkọ̀ ló yíjú sí. "Ẹ yí i padà."

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹrù náà.

Ẹ gbọ́ ibi tí mo dé báyìí. Ìgbà náà ni mo jáde kúrò ní ìlà, mo sì nàka. Ìka yìí ni. Mo ní, "Irọ́ ló pa. Òun ló dá a ṣe. Wọ́n ka òfin fún un lánàá, èmi náà kìlọ̀ fún un. Ìyá yìí kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fun orin náà dé òpin."

"Ó kúnlẹ̀?" ni ọkùnrin náà wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi, kò sì ṣe é gbé mì. Mo ní, "Ó kúnlẹ̀, sà. Ìyá ni."

Ó wá lọ dúró níwájú Ìyá Àlàní. "Kamarádì, kí ni ìwọ rí sọ?"

Kò dáhùn.

"Kamarádì, mo ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ wà nínú ọkọ̀ yẹn."

Kò dáhùn, kò sì wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára àsíá tó há sí ìdajì òpó. Ìlà omi kan ti ojú rẹ̀ dé ẹnu, kò nù ún. Mo rò pé ó ti kú lóòró. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sí ìgbànú rẹ̀.

Tìámíyù ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ọmọ ilé-ìwé. "Kamarádì, ẹ jọ̀ọ́. Àsíá kò tíì dókè. Akọrin wa kì í dá ènìyàn lóhùn títí yóò fi dókè. Òfin tí ẹ̀yin fi ránṣẹ́ sí wa ni."

Ọkùnrin náà wo òkè, ó rí àsíá ní ìdajì. Ó wo ara rẹ̀, ó rí i pé òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ àsíá, tòun ti fìlà lórí. Ó ṣí fìlà, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀.

"Ẹ pa ọkọ̀ náà. Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ọlọ́ba, dúró síbi tó o wà."

Èmi ni mo gbé ọwọ́ sókè fún àwọn onífèrè. Bí a ti ń kọ ọ́, wọ́n ṣí táńpólì ọkọ̀, àwọn ọkùnrin ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, orí wọn fífá, ẹsẹ̀ wọn lásán. Ọ̀kan nínú wọn wo ìlù ńlá náà kó tó wo ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà ló kígbe pé, "Ìyá mi o!"

Ìyá Àlàní kò yíjú. Gbogbo wa rí i pé ó gbọ́. Ó gbé ohùn sókè díẹ̀ sí i, ó sì kọ ọ́ dé òpin, àsíá sì dókè, ó sì tún dúró títí Tìámíyù fi ní ó tó. Ìgbà náà ló rìn lọ bá a. Ó di orí fífá náà mú ní ọwọ́ méjèèjì, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ fún un nìyí:

"Àlàní, òjò kò rọ̀ lónìí."

Ilé

Ẹ̀wọ̀n tí Olóyè Ajíbóyè ṣe ni pé ó dúró nínú oòrùn títí ayẹyẹ fi parí. Kò sí yàrá, kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn rẹ̀ ó jẹun ní ilé Ìyá Àlàní, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló gbé orí ẹja fún un. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí, ó ní, "Àlejò ni. Bí mi ò bá bọ́ ọ, yóò lọ wí nílé pé Ìfọ̀nyìn ò dáa."

Ó wí bẹ́ẹ̀ náà. A kò tíì kọjá Ìlaròó tí wọ́n ti gbá a létí nínú ìtàn rẹ̀. Nígbà tí a fi dé Abẹ́òkúta, wọ́n ti tì í mọ́lé. Ní Iléṣà, èmi ni mo tà á. Wọ́n gba ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, wọ́n fi oyè akíkanjú dá Ajíbóyè lọ́lá, bí mo bá sì wọlé ìpàdé, ọ̀rọ̀ a yí padà. Mo ti fara dà á. Mi ò bẹ̀bẹ̀ nígbà náà, mi ò sì bẹ̀bẹ̀ nísinsìnyí. Bí wọ́n bá tún gbé ọkọ̀ yẹn wá sí abẹ́ igi mọ́ńgòrò lónìí, màá tún nàka.

Níbi ìsìnkú náà, lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ jókòó, a dìde láti kọ orin ìdágbére. A wà ní ìlà kejì nígbà tí olówó kan láti Èkó wọlé pẹ̀lú àwọn èrò rẹ̀. Ẹgbẹ́ onífèrè tí Ajíbóyè fi sílẹ̀ gé orin náà lójijì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fun fèrè fún un. Akọrin dákẹ́. Àlùfáà dákẹ́. Gbogbo ìjọ yíjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Èmi kò yíjú. Mo fi ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi lẹ́yìn níbẹ̀, mo wo iwájú, mo sì dá kọ ọ́ dé òpin.